Iye Ènìyàn Tí Yóò Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Lọ Sí Etí Òfurufú: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Ọjà Tí Kò Tíì Délẹ̀

Ní ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Futron gbé ìṣirò jáde pé, bí yóò bá fi di ọdún 2021, àwọn tí yóò máa sanwó láti wọ rọ́kẹ́ẹ̀tì gòkè lọ sí etí òfurufú, kí wọ́n sì padà wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, yóò lé ní 15,000 lọ́dọọdún, àti pé owó tí yóò máa wọlé lára wọn yóò ju 700 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ọdún 2021 dé. Ọdún náà gan-an ni irú ìrìn-àjò yìí bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹwu, síbẹ̀, tí a bá yọ àwọn awakọ̀ kúrò, àwọn tí ọkọ̀ Blue Origin àti ti Virgin Galactic, ilé-iṣẹ́ méjì tí ń ta irú ìrìn-àjò yìí, gbé lọ́dún náà kò pé ogún. Blue Origin gbé ènìyàn mẹ́rìnlá ní ìrìn mẹ́ta. Virgin Galactic gbé mẹ́rin, ìyẹn Richard Branson tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, ní ọjọ́ 11 oṣù Keje. Àwọn tí ó sanwó bí oníbàárà nínú gbogbo wọn kò sì tó mẹ́wàá, nítorí pé àlejò ni àwọn kan, òṣìṣẹ́ tàbí ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ ni àwọn mìíràn.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè sọ pé irọ́ ni àwọn olùwádìí náà pa, tàbí pé wọn kò mọ iṣẹ́ wọn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbà ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ka irú ìṣirò yìí bí ó ti yẹ. A máa ń mú iye tí ó gbẹ̀yìn, a ó máa pè é bí ẹni ń pe ẹsẹ Ifá, a ó sì gbàgbé gbogbo “bí ó bá jẹ́ pé” tí ó ṣáájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìtumọ̀ iye náà wà nínú àwọn “bí ó bá jẹ́ pé” wọ̀nyẹn. Bí ènìyàn bá mọ̀ wọ́n, yóò mọ ibi tí ìṣirò 2002 ti yà kúrò lójú ọ̀nà, yóò sì lè gbé ìṣirò tuntun yòówù tí ó bá tún jáde yẹ̀ wò fúnra rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ mọ ọjà tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà sanwó lọ sí òfurufú. Ọ̀kan ni kí ọkọ̀ gbé e yí ayé po, bí Dennis Tito, ará Amẹ́ríkà, ti ṣe ní ọdún 2001, nígbà tí ó san nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù dọ́là láti lọ lo ọjọ́ díẹ̀ ní ibùdó òfurufú àgbáyé. Èkejì, tí ó jẹ́ tiwa níhìn-ín, ni ìrìn-àjò kúkúrú: ọkọ̀ yóò gòkè kọjá 80 kìlómítà tí Amẹ́ríkà kà sí ẹnu ààlà òfurufú, tàbí kọjá 100 kìlómítà tí ọ̀pọ̀ àjọ àgbáyé ń lò, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ kò tó èyí tí yóò fi lè máa yí ayé po, nítorí náà yóò padà já wálẹ̀. Fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́ta sí mẹ́rin, ara èrò kò ní ìwúwo mọ́. Yóò léfòó nínú ọkọ̀, yóò rí ojú ọ̀run tí ó dúdú kirikiri lọ́sàn-án gangan, yóò sì rí etí ayé bí ó ti tẹ̀. Ìrìn New Shepard ti Blue Origin kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mọ́kànlá lọ láti ìgbéra dé ìbalẹ̀. Ti Virgin Galactic a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ bàálù ńlá kan ni ó ń kọ́kọ́ gbé e gòkè, tí yóò sì jù ú sílẹ̀ lókè kí iná rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ràn. Ìyàtọ̀ ọ̀nà méjì yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ẹni tí ó lè san 20 mílíọ̀nù dọ́là àti ẹni tí ó lè san 200,000 dọ́là kì í ṣe ẹgbẹ́ kan náà, iye wọn láyé kò sì jọra rárá.

Nígbà tí olùwádìí bá sọ pé òun ń ṣírò bí ọjà yóò ṣe tà, kì í ṣe iye àwọn tí ó wù láti lọ sí òfurufú ni ó ń kà. Bí ó bá jẹ́ ti wíwù nìkan, ìdajì ayé ni yóò tò. Ohun tí ó ń wá ni iye àwọn tí yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì ní iye owó kan pàtó, láàárín àkókò kan pàtó, fún ìrìn-àjò tí a ti júwe ewu rẹ̀ àti ìgbádùn rẹ̀ fún wọn. Bí a bá yí ọ̀kan padà nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, iye náà yóò yí. Nítorí náà, gbólóhùn bíi “15,000 ènìyàn yóò máa lọ lọ́dọọdún” kò tíì pé. Èyí tí ó pé ni pé 15,000 yóò máa lọ bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ báyìí, bí ọkọ̀ bá wà ní ọdún báyìí, bí ìjókòó bá tó, tí ìjàǹbá kò sì ba ọkàn àwọn ènìyàn jẹ́. Nínú ìwé ìwádìí, àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí máa ń wà níbẹ̀ kedere. Nínú ìròyìn, wọn kì í sábà dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé orí iye yẹn kò ṣòro láti lóye. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí iye ọlọ́rọ̀ tí ó wà láyé, wọ́n á sì máa yọ kúrò: wọ́n á mú àwọn tí ọ̀rọ̀ òfurufú wù, wọ́n á mú àwọn tí yóò san iye owó náà nínú wọn, wọ́n á yọ àwọn tí ara wọn kò le tó tàbí tí kò ráyè ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á sì pín èyí tí ó kù sí iye ọdún tí wọ́n rò pé àwọn oníbàárà yóò fi jáde tán. Ẹ jẹ́ kí a fi iye àbá kan gbìyànjú rẹ̀, èyí tí kì í ṣe ti ìwádìí kankan. Ká ní ọlọ́rọ̀ jẹ́ 1,000,000. Ká ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó wù: 100,000 nìyẹn. Ká ní ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn wọ̀nyí ni yóò sanwó: ó di 10,000. Ká ní ìdajì wọn ni ó lè lọ ní ti gidi: ó di 5,000, èyí tí a bá pín sí ọdún mẹ́wàá yóò fún wa ní 500 ènìyàn lọ́dún. Ìṣirò náà mọ́ tónítóní lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ká ní ìdá 10 tí a kọ síbi méjì yẹn jẹ́ 13 ní tòótọ́, iye tí yóò jáde ni 845 lọ́dún. Bí ó bá sì jẹ́ 7 ni, 245 ni yóò jáde. Àṣìṣe kékeré tí kò ju ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ síbi méjì péré ti tó láti sọ ọjà kan di ìlọ́po mẹ́ta òmíràn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àṣìṣe tí ó tó bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì rárá. Àwọn ọlọ́rọ̀ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò fún ìwádìí Futron jẹ́ 450, ará Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn, ilé-iṣẹ́ Zogby ni ó sì bá wọn sọ̀rọ̀. Bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún nínú 450 ènìyàn bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òfin ìṣirò sọ fún wa pé iye tòótọ́ láàárín gbogbo àwọn tí wọ́n ṣojú fún lè wà níbikíbi láti nǹkan bíi 7 dé 13. Bí ó bá jẹ́ 200 ènìyàn ni a bá sọ̀rọ̀, àyè àṣìṣe náà yóò gbòòrò dé 6 sí 14. Olùwádìí kò sì lè ṣàdédé sọ pé òun yóò bá 10,000 ọlọ́rọ̀ sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn olówó kò pọ̀, wọn kì í ráyè, àwọn tí ó bá sì gbà láti dáhùn ìbéèrè nípa òfurufú lè jẹ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ òfurufú ti wà lọ́kàn wọn tẹ́lẹ̀.

Èyí tí ó tún le jù bẹ́ẹ̀ ni pé ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ẹni tí ó bá sọ lórí tẹlifóònù pé òun yóò san 100,000 dọ́là kò tíì san kọ́bọ̀. Kò tíì bá ìyàwó rẹ̀ tàbí ọkọ rẹ̀ sọ ọ́, kò tíì rí ìwé tí yóò fọwọ́ sí pé òun mọ̀ pé òun lè kú sínú ọkọ̀, kò sì tíì fi owó náà wé ohun mìíràn tí ó lè rà. Nínú ọjà tí ó ti wà pẹ́, bíi ti mọ́tò tàbí ti ọkọ̀ bàálù aládàáni, olùwádìí lè wo ohun tí àwọn ènìyàn rà lọ́dún tí ó kọjá, kí ó sì fi tún ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣe. Nínú ọjà tí kò tíì sí, kò sí ohun tí yóò fi ṣe ìwọ̀n. Àwọn Futron mọ ìṣòro yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi júwe ìnira àti ewu ìrìn náà fún àwọn tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bi wọ́n ní ìbéèrè owó. Ìgbésẹ̀ tí ó dára ni, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ̀rọ̀ ẹnu di owó.

Ní tèmi, owó tíkẹ́ẹ̀tì ni ó jẹ́ kókó ọ̀rọ̀ yìí ju ohun gbogbo lọ, òun ni mo sì fẹ́ kí òǹkàwé tẹjú mọ́. Ìṣirò 2002 gbà pé tíkẹ́ẹ̀tì yóò bẹ̀rẹ̀ ní 100,000 dọ́là, yóò sì máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé 50,000. Èrò náà bọ́gbọ́n mu nígbà náà, nítorí pé bí ẹ̀rọ tuntun ṣe máa ń ṣe nìyẹn: bí ó bá ti ń pọ̀ sí i ni ó ń dínwó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ti gidi ni pé owó náà gòkè. Virgin Galactic bẹ̀rẹ̀ ní 200,000 dọ́là, ó gbé e lọ sí 250,000 ní ọdún 2013, ó sì gbé e lọ sí 450,000 ní ọdún 2021. Ní ọdún 2006, àwọn Futron fúnra wọn tún ìṣirò wọn ṣe, wọ́n gbé owó ìbẹ̀rẹ̀ lọ sí 200,000, iye èrò fún 2021 sì wálẹ̀ sí nǹkan bíi 13,000, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì gbà pé owó yóò máa wálẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn.

Ohun tí gígòkè owó yìí ń ṣe sí ọjà kò hàn lójú kan náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ká ní ọlọ́rọ̀ kan kò lè ná ju ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ohun ìní rẹ̀ lọ sórí ìgbádùn ẹ̀ẹ̀kan. Bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ 50,000 dọ́là, ẹni tí ó ní 1.25 mílíọ̀nù dọ́là lè rà á. Bí ó bá jẹ́ 200,000, ó gbọ́dọ̀ ní 5 mílíọ̀nù. Bí ó bá jẹ́ 450,000, ó gbọ́dọ̀ ní 11.25 mílíọ̀nù. Bí ọrọ̀ ènìyàn bá sì ṣe ń pọ̀ sí i ni iye àwọn tí ó ní in ń dín kù, kì í dín díẹ̀díẹ̀, ó máa ń já wálẹ̀ gan-an ni. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣírò ọjà 50,000 dọ́là àti ẹni tí ó ń ta ọjà 450,000 dọ́là kò sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn kan náà rárá. A kò lè fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí èkejì dá àkọ́kọ́ lẹ́bi tàbí láre.

Ìwádìí tí ó fara balẹ̀ jù nínú èyí tí mo mọ̀ ni èyí tí Tauri Group ṣe ní ọdún 2012 fún FAA, àjọ tí ń mójú tó ìrìnnà òfurufú ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àjọ Space Florida. Wọn kò gbé iye kan ṣoṣo jáde. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà ṣírò ọdún mẹ́wàá: ọ̀kan tí nǹkan ń lọ bí ó ti ń lọ, ọ̀kan tí ọrọ̀-ajé le koko tí ọjà sì há, àti ọ̀kan tí ìpolówó àti àṣeyọrí mú kí ọjà gbèrú. Ìjókòó tí ó jáde fún ọdún mẹ́wàá ni 4,518 fún ti àkọ́kọ́, 2,378 fún ti èkejì, àti 13,134 fún ti ẹ̀kẹta. Àwọn ẹrù ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí yóò gba àyè ìjókòó nínú ọkọ̀ wà nínú kíkà yìí, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó kó èyí tí ó pọ̀ jù, nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti mọ ìyẹn, wọ́n bá ọlọ́rọ̀ tí ó lé ní 200 sọ̀rọ̀, àwọn tí owó ọwọ́ kálukú wọn kò dín ní 5 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì parí rẹ̀ sí pé nǹkan bíi 8,000 ènìyàn ni ó wà káàkiri ayé tí wọ́n ní owó náà, tí ọ̀rọ̀ náà sì wù wọ́n débi tí wọn yóò fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà náà, owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń pè bẹ̀rẹ̀ láti 95,000 dọ́là, èyí tí XCOR ń pè fún ọkọ̀ Lynx rẹ̀, dé 200,000 dọ́là. Ọkọ̀ Lynx kò gbé ẹnikẹ́ni rí, XCOR fúnra rẹ̀ sì wọ gbèsè tí ó pa á ní ọdún 2017, nítorí náà ọjà 95,000 dọ́là yẹn kúrò nílẹ̀ kí ó tó ṣí.

Ìdí tí mo fi yin iṣẹ́ Tauri ni àyè ńlá tí ó wà láàárín 2,378 àti 13,134. Àwọn kan ka irú àyè bẹ́ẹ̀ sí àìmọ̀kan. Mo kà á sí òtítọ́. Èyí tí ó pọ̀ jù jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún àbọ̀ èyí tí ó kéré jù, ìyẹn sì ń sọ fún ẹni tí ó fẹ́ fi owó rẹ̀ dókòwò pé bí ìmọ̀ nípa ọjà náà ṣe tó nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olùwádìí tí ó bá gbé iye kan ṣoṣo jáde fún irú ọjà yìí ń fi nǹkan pa mọ́ fún ẹni tí ó ń sanwó fún un.

Síbẹ̀, àní 2,378 tí ó kéré jù lọ yẹn kò ṣẹlẹ̀. Láti ọdún 2021 dé òpin 2024, ìjókòó 50 ni èrò jókòó sí nínú ọkọ̀ New Shepard, nígbà tí Virgin Galactic ṣe ìrìn ọjà méje láàárín oṣù Kẹfà ọdún 2023 àti oṣù Kẹfà ọdún 2024, tí ìjókòó èrò nínú ìrìn kọ̀ọ̀kan kò ju mẹ́rin lọ. Ṣé àwọn oníbàárà ni kò wá? Rárá. Ọkọ̀ ni kò tó. Ìṣirò Tauri tí nǹkan ń lọ bí ó ti ń lọ sọ pé ìjókòó 373 ni yóò tà ní ọdún kìíní. Kí a tó lè gbé 373 nínú ọkọ̀ tí ó ń gba ènìyàn mẹ́rin, a ní láti fò ní ìgbà 94 láàárín ọdún kan, ìyẹn ni ìgbà kan ní bí ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Nínú ọkọ̀ tí ó ń gba mẹ́fà, ó di ìgbà 63. VSS Unity, ọkọ̀ kan ṣoṣo tí Virgin Galactic ní fún iṣẹ́ náà, kò fò ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dí jù. New Shepard fò pẹ̀lú ènìyàn ní ìgbà mẹ́ta ní 2021, mẹ́ta ní 2022, kò sí rárá ní 2023, mẹ́ta ní 2024. Ohun tí a rí, tí a ń pè ní bí ọjà ṣe tà, bí ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìjókòó 30 ni ó wà, tí 30 sì tà, a kò mọ̀ bóyá 31 ni ó fẹ́ rà tàbí 3,000.

Ohun kan wà tí ó lè tọ́ka sí iye àwọn tí ó fẹ́ rà, ìyẹn ni orúkọ àwọn tí ó ti san àsansílẹ̀. Ní ìgbà ìwádìí 2012, nǹkan bíi 925 ènìyàn ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́. Owó tí ènìyàn san lágbára ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè bóyá owó náà ṣeé gbà padà, mélòó nínú gbogbo rẹ̀ ni wọ́n san, àti ìgbà tí wọ́n sọ fún wọn pé wọn yóò fò. Àsansílẹ̀ tí ènìyàn lè gbà padà nígbàkígbà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà tí Virgin Galactic tún ṣí ọjà rẹ̀ ní 2021, ó ní àwọn bíi 600 tí ó ti ń dúró láti ìgbà pípẹ́. Ẹ wò ó: bí ọkọ̀ kan bá ń gbé mẹ́rin lóṣooṣù, 48 ni yóò gbé lọ́dún, 600 ènìyàn yóò sì gba ju ọdún méjìlá lọ. Ẹni tí ó forúkọ sílẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún ní 2005, kí ó tó kàn án, yóò ti di arúgbó, ìlera rẹ̀ lè má gbà á láyè mọ́, ó sì lè ti kú. Orúkọ tí ó wà lórí ìwé máa ń rọ, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á rẹ́.

Títà ní gbàǹjo tí Blue Origin ṣe ní oṣù Kẹfà ọdún 2021 fún ìjókòó kan nínú ìrìn àkọ́kọ́ rẹ̀ tí ó gbé ènìyàn tún da ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn rú. Àwọn bíi 7,600 láti orílẹ̀-èdè 159 ni wọ́n forúkọ sílẹ̀ láti dupò, ẹni tí ó borí sì san 28 mílíọ̀nù dọ́là. Àwọn kan mú 28 mílíọ̀nù yẹn, wọ́n ní ẹ rí bí ọjà náà ṣe lówó tó. Ohun tí gbàǹjo fi hàn kò ju èyí lọ: pé ènìyàn kan wà láyé tí ó lè san iye yẹn, ẹlòmíràn kan sì wà tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san tó o, nítorí bí ẹnì kejì kò bá ti bá a dé ibẹ̀, kò ní gòkè tó bẹ́ẹ̀. Kò sọ ohunkóhun fún wa nípa ẹni ẹgbẹ̀rún nínú ìlà. Ìjókòó àkọ́kọ́ pẹ̀lú Jeff Bezos, ẹni tí ó ni Blue Origin, fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ọjà kan náà pẹ̀lú ìjókòó ẹni ọgọ́rùn-ún. Àní ẹni tí ó borí kò lọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan, Oliver Daemen, ni ó gba ipò rẹ̀, ẹni tí ó borí kò sì fò títí di oṣù Kẹjọ ọdún 2025.

Ìjàǹbá ni ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé yóò lé oníbàárà sá. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2014, ọkọ̀ VSS Enterprise ti Virgin Galactic fọ́ sókè nígbà ìdánwò, awakọ̀ kan kú, èkejì fara pa gidigidi. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ó ti san àsansílẹ̀ kò gba owó wọn padà. Ohun tí ìjàǹbá náà gbà lọ́wọ́ ọjà ni àkókò: oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni ọkọ̀ tí ó rọ́pò rẹ̀ tó kọ́kọ́ kọjá 80 kìlómítà. Bákan náà ni ti New Shepard tí rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀run ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀, ibi tí èrò ń jókòó já ara rẹ̀ gbà ó sì balẹ̀ láìséwu, ṣùgbọ́n oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni ó tó tún gbé ènìyàn. Mo gbà pé ó yẹ kí ìṣirò tí ó bá ń bọ̀ kà á sí ohun tí ó dájú pé ọkọ̀ yóò máa dúró fún ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọkàn balẹ̀ lórí sùúrù àwọn oníbàárà 2014. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn nǹkan náà jù. Àwa kò tíì rí ohun tí ẹni tí ó kàn fẹ́ gbádùn ara rẹ̀ yóò ṣe bí ó bá jẹ́ pé èrò bíi tirẹ̀ ni ó kú.

Àwọn ọjà mìíràn tí ìwé ìṣirò máa ń dárúkọ, bí ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ìdánwò ẹ̀rọ àti ìpolówó, wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbé iṣẹ́ náà dúró láìsí èrò. Gbígbé ènìyàn láti ìlú dé ìlú nípasẹ̀ òfurufú ní wákàtí kan tàbí méjì jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Ó nílò eré tí ó súnmọ́ ti ọkọ̀ tí ń yí ayé po, kò sì yẹ kí a kà á mọ́ ọjà yìí.

Ìbéèrè kan wà tí ìwádìí ẹnu kò lè dáhùn, tí ó sì ṣe pàtàkì ju bí ọlọ́rọ̀ ṣe pọ̀ tó lọ: lẹ́yìn tí àwọn tí ó ti ń dúró láti ìgbà pípẹ́ bá ti lọ tán, mélòó ni yóò máa dé tuntun lọ́dọọdún? Àwọn tí ó wà lórí ìlà jẹ́ àkójọ ọ̀pọ̀ ọdún tí ó ń tà ní ẹ̀ẹ̀kan. Bí ọjà kan bá ta 500 ní ọdún àkọ́kọ́ nítorí pé 500 ti ń dúró, tí 60 péré sì ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dún, 60 ni ọjà yẹn tó, bó ti wù kí ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ dára tó. Ohun tí ó tún lè gbé e ga ni kí ẹni tí ó ti lọ padà lọ, tàbí kí ó mú ọmọ àti ọ̀rẹ́ lọ. A ti rí àwọn díẹ̀ tí wọ́n wọ New Shepard lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba wọn kò tó láti fi ṣe òfin.

Virgin Galactic ti dá Unity dúró láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, ó sì ń kọ́ ọkọ̀ tuntun tí ó pè ní Delta, tí yóò máa gba èrò mẹ́fà, tí wọ́n sì ṣe kí ó lè máa fò léraléra ju ti àtijọ́ lọ. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń fò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ kan yóò máa gbé nǹkan bíi 300 ènìyàn lọ́dún, ọkọ̀ méjì yóò sì kó àwọn 600 tí ó ń dúró tán láàárín ọdún kan. Iye tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá tà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní iye owó tí wọ́n bá ń pè nígbà náà, ni yóò kọ́kọ́ jẹ́ ìwọ̀n ọjà yìí ní ti gidi láti ìgbà tí àwọn Futron ti bi 450 ọlọ́rọ̀ ní ìbéèrè.